Orí Kẹrin: Gbígbá Ojúde Ojú
Bí a ṣe ń lo omi fífín fún bèbè ìpéǹpéjú tó wú àti ojú tó gbẹ

Ẹni tó bá ń gbé Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mọ ohun tí ọyẹ́ ń fi ojú ṣe. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun, ojú á sì máa ta bíi pé iyanrìn wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan á jí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ipin á ti lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá á pariwo pé, "Àpólò ni o! Má fọwọ́ kàn mí." Ó di kẹ́míìsì. Ẹni tó ń tajà á na ìgò kékeré kan sí i, á ní kó máa kán an sójú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ara á tù ú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí nǹkan yìí ń ṣe lemọ́lemọ́ ni mo kọ orí ìwé yìí fún, yálà akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì LAUTECH ni, tàbí ìyá tó ń fi igi dáná ní Akẹ́sán ní Ọ̀yọ́, tàbí ọlọ́kadà tó ń jẹ eruku ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ojú bá ń yún, tó ń ta, tó ń lọ, tó tún ń bọ̀, ó ṣeé ṣe kí wàhálà náà má sí nínú ẹyinjú rárá. Ó lè jẹ́ bèbè ìpéǹpéjú ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí irun ti hù. Ibẹ̀ ni ojúde ojú. Bí ojúde bá dọ̀tí, ìdọ̀tí náà á wọlé. Kò sì sí ìyá kan tó ń gbá ojúde lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó wá ní òun ti gbálẹ̀ tán. Bí a ṣe ń gbá a láràárọ̀ ni bèbè ìpéǹpéjú náà ṣe ń fẹ́ ìtọ́jú ojoojúmọ́.

Kí ló ń ṣe ojú náà gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya Àpólò sọ́tọ̀. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Àpólò. Ọdún 1969 ló kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Accra ní orílẹ̀-èdè Gánà, lákòókò tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Òjijì ló máa ń dé. Ojú á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, á wú, omi á máa dà, á ran gbogbo ilé, á sì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì.

Wíwú bèbè ìpéǹpéjú, tí àwọn dókítà ń pè ní blepharitis, yàtọ̀ sí i. Kì í ran ẹlòmíràn, kì í sì í tètè lọ. Bèbè náà á pọ́n, á máa yún, á máa jóni. Èépá kéékèèké á lẹ̀ mọ́ ìdí irun ìpéǹpéjú bí ìyẹ̀fun èlùbọ́ tó kù sára igbá. Ojú méjèèjì ló sábà máa ń bá jà, àárọ̀ ló sì máa ń le jù. Eéwo kékeré á máa yọ níbẹ̀, èyí òní á san, òmíràn á yọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà mìíràn irun ìpéǹpéjú á máa já, tàbí kó hù gba ibi tí kò yẹ.

Ohun tó ń fà á ju ẹyọ kan lọ. Bakitéríà tó ń gbé lára awọ gbogbo wa lè pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ máa ń yọ èépá funfun tó ń já sí èjìká lè ní irú rẹ̀ ní ìpéǹpéjú. Kòkòrò kan tún wà tó ń jẹ́ Demodex. Ojú lásán kò lè rí i, gígùn rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà, ìdí irun ìpéǹpéjú ló sì ń gbé. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ní in lára tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, àfi tó bá pọ̀ jù.

Ìdí mìíràn ni ti ọ̀rá. Nínú ìpéǹpéjú ni àwọn àpò ọ̀rá tín-ín-tín wà, bí 25 sí 40 ní ti òkè, bí 20 sí 30 ní ti ìsàlẹ̀. Dókítà ará Jámánì kan, Heinrich Meibom, ṣàpèjúwe wọn ní ọdún 1666, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń jẹ́ títí di òní láàárín àwọn dókítà. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ́jú ni wọ́n ń tú ọ̀rá díẹ̀ sójú. Ẹ wo ọbẹ̀ tí epo léfòó lójú rẹ̀: ooru kì í tètè jáde lára rẹ̀. Iṣẹ́ tí ọ̀rá yìí ń ṣe fún omi ojú nìyẹn. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fà á gbẹ. Bí ẹnu àpò náà bá dí, tí ọ̀rá inú rẹ̀ sì dì bí òrí tí òtútù mú, omi ojú á máa gbẹ kíákíá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn èèyàn lójú. Wọ́n á ní, "Ojú mi ń dami ṣòrò, ẹ wá ń sọ pé ó gbẹ?" Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ojú bá gbẹ, ó máa ń ta á, ara á sì sáré da omi sí i bí ìgbà tí àlùbọ́sà bá ta ojú. Ṣùgbọ́n omi náà kò ní ọ̀rá tó pọ̀ tó nínú, kì í sì í dúró. Á ṣàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú á tún gbẹ. Nítorí náà, omi dídà kò túmọ̀ sí pé ojú kò gbẹ.

Kí ni omi fífín yìí, kí ló sì lè ṣe?

Ọ̀pọ̀ omi fífín tí wọ́n ń ṣe fún ìpéǹpéjú lónìí ló ní hypochlorous acid nínú, tó sábà máa ń jẹ́ 0.01% tàbí 0.02%. Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe nǹkan yìí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lò ó láti pa kòkòrò tó bá wọ ara. Bí a bá fín in sí ìpéǹpéjú, ó ń dín bakitéríà kù, ó ń jẹ́ kí èépá rọ̀, wíwú náà á sì máa fà sẹ́yìn. Kì í ṣe antibiotic, kì í sì í sábà ta ojú bí ọṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí kò lè ṣe pẹ̀lú. Kò lè yọ́ ọ̀rá tó ti dì nínú àpò rẹ̀. Ooru ló ń ṣe ìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára láti pa Demodex. Bí dókítà bá rí i pé òun ni, òògùn mìíràn wà fún un, ọ̀kan sì wà tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023 fún un. Kò wo Àpólò, kò wo glaucoma, àrùn ojú tó ń gba ìríran lọ́wọ́ ẹni. Ìgbálẹ̀ ni omi fífín. Ìgbálẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ńlá, ṣùgbọ́n kì í tún òrùlé tó ń jò ṣe.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ hypochlorous ń jọ Hypo tí à ń fi fọ aṣọ funfun. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Hypo, JIK àti gbogbo irú wọn jẹ́ sodium hypochlorite, wọ́n le gan-an, wọ́n lè jó ẹyinjú débi tí kò ní ríran mọ́. Kò sí bí ẹ ṣe lè bu omi là á tí yóò fi di òògùn ìpéǹpéjú. Bí ó bá ṣèèṣì ta sí ẹnikẹ́ni lójú, ẹ la ojú náà, kí ẹ máa da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 sí 20 láìdúró, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́gán.

Kí ẹ tó sanwó

Púpọ̀ nínú àwọn omi fífín yìí, òkè òkun ni wọ́n ti ń wá. Àwọn mìíràn ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n tó ń fi ránṣẹ́. Ibi yòówù kó ti wá, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò.

Èkíní, ẹ rí i pé ìpéǹpéjú ni wọ́n kọ sára ìgò pé ó wà fún. Hypochlorous acid kan wà fún ọgbẹ́, òmíràn wà fún nínu tábìlì. Ẹ má fi wọ́n dípò ara wọn.

Èkejì, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ti ń tà á. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti iye ọjọ́ tó lè lò lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i.

Ẹ̀kẹta, èdìdì ìgò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìgò náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, torí ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń ba omi yìí jẹ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ gbé e sójú fèrèsé, tàbí inú ọkọ̀, tàbí orí kọ́bọ́ọ̀dù tó súnmọ́ páànù tí oòrùn ń pa. Inú dúrọ́ọ̀ tó tutù, tó ṣókùnkùn, tó fún un.

Ẹ̀kẹrin, ẹ sá fún èyí tó ní òórùn dídùn tàbí ọtí líle nínú.

Ẹ má rò pé mo ń le jù. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2023, wọ́n rí i pé omi ìkánsójú kan tí àwọn èèyàn ń rà fúnra wọn láìsí ìwé dókítà ti ní bakitéríà nínú. Nígbà tí wọ́n fi kà wọ́n tán, ènìyàn 81 ni àrùn náà ti bá ní ìpínlẹ̀ 18, 14 pàdánù ìríran, wọ́n yọ ẹyinjú àwọn mẹ́rin, mẹ́rin sì kú. Orílẹ̀-èdè tó ní ẹ̀rọ àti òfin tó pọ̀ nìyẹn. Àwa tí à ń ra nǹkan nínú oòrùn ọjà gbọ́dọ̀ la ojú wa sílẹ̀ dáadáa. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Bí a ṣe ń lò ó, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé

Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ ṣe é láàárọ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fọ ẹnu, àti lálẹ́ kí ẹ tó sùn.

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí ẹ bá ń lo lẹ́ǹsì inú ojú, ẹ yọ ọ́. Ẹ nu tìróò àti gbogbo àtíkè kúrò.

2. Ẹ rẹ aṣọ ìnura kékeré tó mọ́ sínú omi gbígbóná, kí ẹ fún un. Ẹ kọ́kọ́ fi kan inú ọrùn ọwọ́: ó yẹ kó gbóná, kó má jóni. Ẹ di ojú, kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Bó bá ti ń tutù, ẹ tún un rẹ. Ìgbésẹ̀ yìí ló ń yọ́ ọ̀rá tó dì. Ẹ má fò ó.

3. Ẹ fi ìka kan ra ìpéǹpéjú òkè wálẹ̀ sí ìhà irun, kí ẹ ra ti ìsàlẹ̀ sókè sí ìhà irun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, fún bí ìdajì ìṣẹ́jú. Ìpéǹpéjú ni ẹ ń tẹ̀, kì í ṣe ẹyinjú. Ẹni tó ní glaucoma tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

4. Ẹ fín omi náà sí òwú tó mọ́ títí tí yóò fi tutù. Bí àlàyé ara ìgò bá ní kí ẹ fín in tààrà, ẹ di ojú pinpin kí ẹ tó fín in. Ẹnu ìgò kò gbọdọ̀ kan ara.

5. Ẹ fi òwú náà nu ìdí irun láti ìhà imú lọ sí ìhà etí, òkè àti ìsàlẹ̀. Ẹ má ha á. Èépá tó bá lẹ̀ jù, ẹ fi òwú tútù náà lé e fún ìgbà díẹ̀, á rọ̀. Òwú tuntun fún ojú kejì.

6. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi omi ṣàn án àyàfi bí àlàyé ara ìgò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè ta díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń jóni lọ títí, tàbí tí ìpéǹpéjú bá wú sí i, ẹ dá a dúró.

7. Ẹ ní sùúrù fún bí ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó fi lẹ́ǹsì tàbí tìróò padà.

Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kìíní lè má fi ìyàtọ̀ ńlá hàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jáwọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Bí ojú bá ti fúyẹ́, ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lálẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ pátápátá.

Bí apá kò bá ká omi fífín

Kò yẹ kí ojú ẹnikẹ́ni bàjẹ́ nítorí owó ìgò kan. Ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kó tutù di lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ tẹ̀lé gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà lókè yìí. Ooru àti nínu ni olórí iṣẹ́ náà, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà máa ń ní kí a po ọṣẹ ìfọrí ọmọdé díẹ̀ mọ́ omi, àwọn kan ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìwádìí ti fi hàn pé ó lè ṣe ìpalára fún ohun tó ń jẹ́ kí omi ojú lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Omi sísè nìkan tó.

Ìfẹ́ ló ń mú ìyá fún omi ọyàn sí ojú ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ náà ló ń mú àwọn mìíràn lo omi ṣúgà, ìtọ̀ tàbí omi ewé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè gbé bakitéríà wọ ojú tó ti ń ṣàìsàn. Ojú tó ti wú kò lágbára láti bá wọn jà. Ẹ fi ìfẹ́ yẹn se omi.

Ohun tí àdúgbò wa ń ṣe fún ojú

Gbígbálẹ̀ nìkan kò tó bí a bá tún ń da ìdọ̀tí sẹ́yìn ara wa. Ní Under G, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń lẹ láàṣì (irun ìpéǹpéjú àtọwọ́dá) pọ̀. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ ń bo ìdí irun, ẹni tó ni ín kì í sì í fẹ́ fọ ibẹ̀ kó má bàa já. Ipin, ọ̀rá àti eruku á wá kó jọ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ìpéǹpéjú yín bá ń yún, ẹ sinmi láàṣì títí tí yóò fi san. Tìróò tí à ń fà sí bèbè inú ojú náà ń dí ẹnu àpò ọ̀rá, irú rẹ̀ mìíràn sì ní òjé nínú, tó jẹ́ májèlé fún ọmọdé. Ẹ má fà á sójú ọmọ tuntun.

Ẹ wo fóònù. Ènìyàn máa ń ṣẹ́jú bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá tẹjú mọ́ fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, ó lè wálẹ̀ sí bí márùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé mọ́jú lórí fóònù ń fi afẹ́fẹ́ gbẹ ojú rẹ̀ lóru. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 kọ̀ọ̀kan, ẹ gbójú sókè, kí ẹ wo ibi tó jìn tó mítà mẹ́fà fún ìṣẹ́jú-àáyá 20, kí ẹ sì máa ṣẹ́jú délẹ̀. Ẹ má kọjú fáànù sí ojú lójú oorun. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ọlọ́kadà, ẹ wọ gíláàsì tó bo ojú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́, torí eruku igbá kò mọ ọ̀gá. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dáná níbi tí èéfín ti ń rí ọ̀nà jáde.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: bí ojú bá ń dun yín gan-an, bí ìríran bá dín kù, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gún ojú, bí ojú bá pọ́n tí ẹ sì ń lo lẹ́ǹsì, bí nǹkan bá ta sí i. Bí kókó kan bá wà ní ìpéǹpéjú kan ṣoṣo, tí kò lọ fún oṣù púpọ̀, tí irun ibẹ̀ sì já, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, torí jẹjẹrẹ lè fara hàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré tó ń ra ojú ṣáá, tí funfun ojú rẹ̀ sì ń dúdú, àléjì lè máa bá a jà. Omi fífín kọ́ ni tirẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìgò tí kẹ́míìsì ń nà fún gbogbo ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n. Òmíràn nínú wọn ní steroid, irú dexamethasone. Ó ń mú kí ojú fúyẹ́ kíákíá, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń padà lọ rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kán an fún oṣù púpọ̀ láìsí dókítà tó ń wo ojú rẹ̀ lè ní glaucoma tàbí ojú fífúnfun (cataract), glaucoma kì í sì í dá ìríran tó bá ti gbà padà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò. Ẹ bèèrè.

Ilé ìwòsàn kò jìnnà sí wa. Ọdún 1907 ni iṣẹ́ ìwòsàn àwọn Baptist bẹ̀rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló ti di ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ti LAUTECH náà wà nílùú kan náà. Ará Ọ̀yọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba ìlú, kí wọ́n sì darí rẹ̀ sí UCH ní Ìbàdàn bó bá ju agbára wọn lọ. Ẹ mú ìgò gbogbo ohun tí ẹ ti ń kán sójú dání. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́, kódà bó jẹ́ omi ewé.

Bí ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ bá dé, tí ẹnì kan ní yàrá kejì bá jí pẹ̀lú ojú tó lẹ̀ pọ̀, tí gbogbo ilé sì ń pariwo Àpólò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè kan: "Ṣé ó ti ṣe ọ́ báyìí rí?" Bó bá ní rárá, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, kó má yá ẹnikẹ́ni ní aṣọ ìnura, kó sì lọ rí dókítà. Bó bá ní ó ti ṣe òun lọ́dún tó kọjá, àti lóṣù méjì sẹ́yìn, ẹ gbé omi kaná fún un, ẹ wá òwú tó mọ́, kí ẹ sì fi bí a ṣe ń gbá ojúde ojú hàn án.